Louis Delâge àti ọkọ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, kò sí àgbàlagbà tí kò mọ Peugeot. Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, ọkọ̀ yìí ti kó èrò, ó ti kó iṣu, ó ti gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Renault kì í ṣe àjèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni Citroën. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ Delage, àní nílẹ̀ Faransé tí wọ́n ti ṣe é, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò béèrè pé kí ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìgbà kan wà tí Delage jẹ́ ọkọ̀ tí àwọn olówó Paris ń gùn jáde nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ayé rí wọn. Ọdún kan sì wà tí kò sí ọkọ̀ eré ìje tí ó lè bá a.

Ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ náà ń jẹ́ Louis Delâge. Kí ẹni tí ń kàwé ṣàkíyèsí pé àmì kékeré kan wà lórí lẹ́tà "a" nínú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí orúkọ náà dé iwájú ọkọ̀, àmì yìí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ti kọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní fojú kékeré wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Delâge ni ènìyàn, Delage ni ọkọ̀. Ìtàn àwọn méjèèjì ni èyí, nítorí pé wọn kò jọ lọ ní ọjọ́ kan náà.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1874 ni wọ́n bí Louis Delâge ní Cognac, ìlú kan ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé, tí ọtí líle tí wọ́n ń pọn níbẹ̀ ti mú kí orúkọ rẹ̀ kan ká ayé. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe olówó. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni. Láti kékeré ni ojú Louis kan kò ti ríran. Ojú kan yòókù ni ó fi kàwé, òun náà ni ó sì fi wo irin ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì sí àbùkù ara ọkọ̀ tí ojú náà kò rí.

Àwọn òbí rẹ̀ fi í sí ilé ẹ̀kọ́ Arts et Métiers ní ìlú Angers. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ni ó ń sọ ọmọ òṣìṣẹ́ di onímọ̀ ẹ̀rọ, bí ọmọ náà bá ní orí pípé tí ó sì lè fara da ìyà. Delâge jáde níbẹ̀ ní ọdún 1893, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 19. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ ojú irin ní Bordeaux, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1900 ó ṣí lọ sí Paris, nítorí pé níbẹ̀ ni ọkọ̀ tuntun tí ń rìn láìsí ẹṣin ti ń jáde láti inú ọgbà oríṣìíríṣìí. Kò pẹ́ tí ó fi dé ilé iṣẹ́ Peugeot, ó sì rí bí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ní oṣù kìíní ọdún 1905, ó fi iṣẹ́ olóṣù sílẹ̀. Ó ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Levallois, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris, ó sì mú Augustin Legros, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Peugeot, wá ràn án lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ náà kéré. Wọn kò tilẹ̀ lágbára láti ṣe ẹ́ńjìnnì fúnra wọn. Ọ̀dọ̀ De Dion-Bouton ni wọ́n ti ń rà á, wọ́n á sì tò ó mọ́ ọkọ̀ wọn. Àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀ ní Paris ní àkókò náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó sì wọlẹ̀ láìsí ẹni tí ó rántí orúkọ wọn.

Ohun tí ó yọ Delâge kúrò láàrin wọn ni pé ó tètè mọ ohun tí oníbàárà gbà gbọ́. Oníbàárà kì í gba ẹnu olùtajà gbọ́. Ojú ara rẹ̀ ni ó gbà gbọ́. Nítorí náà Delâge mú ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ibi eré ìje, níbi tí èrò ti pé jọ. Ní ọdún 1906, ilé iṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún méjì gba ipò kejì nínú ìdíje àwọn ọkọ̀ kékeré. Ní ọdún 1908, Albert Guyot wa Delage kan ní Dieppe, létí òkun, ó sì gba ipò kìíní. Àwọn oníbàárà wá. Levallois kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n sì kó lọ sí Courbevoie, sí ilé iṣẹ́ ńlá.

Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1914, ọkọ̀ Delage ti dé Indianapolis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Eré ìje ibẹ̀ gùn tó 800 kìlómítà, orí pápá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti ń sá a, tí wọ́n ń yí i ká nígbà 200. René Thomas ni ó wa Delage tí ó borí, lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀. Peugeot kan gba ipò kejì, Delage kan gba ipò kẹta, Peugeot mìíràn gba ipò kẹrin. Ọkọ̀ Faransé mẹ́rin ni ó ṣáájú nínú ilé onílé. Ẹni tí ó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ Peugeot lánàá ti fi ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ han ọ̀gá rẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù. Ilé iṣẹ́ Courbevoie bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ìjà fún àwọn ọmọ ogun, ó sì ṣe é títí ogun fi parí ní ọdún 1918.

Lẹ́yìn ogun, Delâge kò fẹ́ ṣe ọkọ̀ gbogbo ayé. Ọkọ̀ ńlá ni ó fẹ́, àti orúkọ ńlá. Ìtàn Arpajon fi irú ẹni tí ó jẹ́ hàn. Ní oṣù keje ọdún 1924, ní ojú ọ̀nà tààrà kan ní Arpajon, ní gúúsù Paris, wọ́n fẹ́ mọ ọkọ̀ tí ó yára jù láyé. Delage mú ọkọ̀ kan wá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní silíńdà 12. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Ernest Eldridge mú Fiat ògbólógbòó kan wá, tí ó ti ki ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú bọ̀ nínú. Ọkọ̀ Eldridge ni ó yára jù. Àwọn ará Delage wá yẹ ọkọ̀ náà wò, wọ́n sì rí i pé kò lè rìn sẹ́yìn. Òfin sì sọ pé ọkọ̀ tí kò bá lè rìn sẹ́yìn kò lè gba oyè náà. Wọ́n fẹjọ́ sùn. Àwọn adájọ́ fagi lé eré Eldridge, wọ́n sì kọ ti Delage sínú ìwé: ó lé díẹ̀ ní 230 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni oyè náà fi gbé lọ́wọ́ wọn. Eldridge wá ọgbọ́n dá sí ọkọ̀ rẹ̀ kí ó lè rìn sẹ́yìn, ó padà sí ojú ọ̀nà kan náà, ó sáré kọjá ti Delage, kò sì sí ẹni tí ó lè fẹjọ́ sùn mọ́.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní Montlhéry, Delage borí nínú eré ìje Grand Prix ti ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun náà kò dùn lẹ́nu. Antonio Ascari, ọmọ Ítálì tí ó wa Alfa Romeo níwájú gbogbo wọn, ti kú lójú eré. Nígbà tí eré parí, àwọn tí ó borí gbé òdòdó ìṣẹ́gun wọn lọ sí ibi tí ọmọkùnrin náà ti ṣubú.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí ó ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ Delage dé. Ní ọdún 1926, òfin eré ìje yí padà: ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ ju lítà kan àbọ̀ lọ. Albert Lory, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ fún Delâge, ya àwòrán ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí silíńdà rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlà kan. Àwọn irin róbótó tí ń jẹ́ kí irin yí nínú irin láìha ara wọn lé ní 60 nínú ẹ́ńjìnnì yìí nìkan. Owó tí iṣẹ́ náà gbé mì pọ̀ gan-an. Agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 170, ohun tí kò sí ẹni tí ó rò pé ó lè jáde láti inú ẹ́ńjìnnì kékeré bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ó sì jẹ́ irú àṣìṣe tí oníṣẹ́ ọwọ́ kò ní rí àfi bí ó bá jókòó sí àyè ẹni tí yóò lò ó. Ọ̀pá tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde kọjá ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ gan-an. Ní San Sebastián, ní ilẹ̀ Spéènì, nínú ooru oṣù keje, ẹsẹ̀ àwọn awakọ̀ ń jóná. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láàrin eré, wọ́n ń gbé ọkọ̀ fún ara wọn. Ní oṣù kẹjọ, ní Brooklands, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbàkígbà tí wọ́n bá dúró, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ inú omi tútù kí wọ́n tó padà sínú iná. Delage borí níbẹ̀, ṣùgbọ́n irú ìborí bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìyà.

Lory padà sídìí iṣẹ́. Ó yí orí ẹ́ńjìnnì náà padà, kí èéfín lè máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde, jìnnà sí awakọ̀. Ìyípadà kan yìí ni ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1927, Robert Benoist wa Delage, ó sì borí nínú Grand Prix mẹ́rin: ti Faransé, ti Spéènì, ti Ítálì àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Faransé àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Delage mẹ́ta ni ó gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Oyè àgbáyé ti àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọmọ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin láti Cognac. Benoist fúnra rẹ̀ kò rí ọjọ́ ogbó: nígbà ogun àgbáyé kejì, ó bá àwọn ará Jámánì jà ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n mú un, wọ́n sì pa á ní àgọ́ Buchenwald ní ọdún 1944.

Ẹ́ńjìnnì Lory dára débi pé ní ọdún 1936, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìṣẹ́gun náà, ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Seaman, ra ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, wọ́n tún un ṣe fún un, ó sì fi na àwọn ọkọ̀ tuntun nínú eré bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n Delâge ti kúrò nínú eré ìje láti òpin ọdún 1927. Owó kò gbà á mọ́.

Níbi yìí ni a ti lè rí ìfọ́jú rẹ̀, kì í sì í ṣe ti ojú tí kò ríran láti kékeré. Delâge kò mọ bí a ti ń ṣe nǹkan ní kékeré. Ó ní ilé ńlá, ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó sì ní ilé ìtajà ní Champs-Élysées, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n jù ní Paris. Ó ń náwó bí ẹni pé ọdún 1927 kò ní parí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè. Ó kàn gbà pé ẹni tí ń ta ọkọ̀ fún ọba gbọ́dọ̀ máa gbé bí ọba.

Ní ọdún 1929, ó gbé ọkọ̀ kan jáde tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní: D8. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ irú ọkọ̀ ńlá yìí kì í ra odindi ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì, táyà àti irin ìsàlẹ̀ ni yóò rà lọ́wọ́ Delage. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe ara ọkọ̀, bí obìnrin ti ń ra aṣọ ní ọjà Dantokpa, tí ó sì ń gbé e lọ bá aránṣọ. Chapron, Pourtout, Figoni, Letourneur àti Marchand: àwọn aránṣọ ọkọ̀ nìwọ̀nyí. Ara wọn dá lórí irin Delage, nítorí pé irin náà gùn, ó sì balẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n lè fa ìlà ọkọ̀ gùn bí ó ti wù wọ́n. D8 méjì lè ti ilé iṣẹ́ kan náà jáde lọ́jọ́ kan náà kí wọ́n má sì jọra rárá. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá rí ọ̀kan lónìí fi ń dúró wò ó pẹ́.

Oṣù kẹwàá ọdún 1929 ni wọ́n fi D8 han aráyé ní Paris. Oṣù náà gan-an ni ọjà owó New York wó. Kò pẹ́ tí ọ̀dá owó náà fi dé Yúróòpù, àwọn olówó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó wọn. Ní ọdún 1933, Delâge gbìyànjú láti ṣe ọkọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú kan, D4, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ẹni tí ó fẹ́ ọkọ̀ kékeré ti mọ ilé Renault, ó ti mọ ilé Peugeot, ó sì mọ̀ pé níbẹ̀ ni owó rẹ̀ tó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1935, gbèsè bo ilé iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Walter Watney, oníṣòwò kan tí ń ta ọkọ̀ Delage ní Paris, ra ohun tí ó ṣẹ́kù, ó sì bá Delahaye ṣàdéhùn pé kí wọ́n máa ṣe àwọn ọkọ̀ náà. Ilé iṣẹ́ Courbevoie bọ́ lọ́wọ́ Delage. Láti ọjọ́ náà, ilé iṣẹ́ Delahaye ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ tí a kọ Delage sí níwájú. Orúkọ ni wọ́n rà. Ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà, tí ó ti di ẹni ọdún 61, kò ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀ mọ́.

Kò dá nìkan ṣubú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1934, André Citroën pẹ̀lú ti wọ gbèsè, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ Michelin. Ní oṣù keje ọdún 1935, ó kú. Ṣùgbọ́n Citroën ti ta ọkọ̀ fún olùkọ́, fún oníṣòwò kékeré, fún dókítà abúlé. Àwọn wọ̀nyí kò dáwọ́ ọkọ̀ rírà dúró, orúkọ rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà wa títí di òní. Àwọn tí Delâge ta ọkọ̀ fún kò pọ̀ tó láti gbé orúkọ rẹ̀ ró.

Delâge kò kú ní tirẹ̀. Ó tún lo ọdún 12 láyé, bóyá ìyẹn ni ó sì le jù. Owó lọ, ilé lọ, ọkọ̀ lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú ọkọ̀ ọlọ́lá kò ní ọkọ̀ tí yóò gùn. Ó yíjú sí ẹ̀sìn ìjọ Kátólíìkì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àwọn ibi mímọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ Faransé máa ń rin ìrìn àjò lọ. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Paris lọ sí Chartres, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìgbàanì wà. Ó fi ẹsẹ̀ lọ sí Lisieux, ìlú Tẹ̀rẹ́sà Mímọ́. Ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Lourdes, lẹ́bàá òkè tí ó pààlà sáàrin Faransé àti Spéènì. Láti Paris sí Lourdes lé ní 800 kìlómítà. Láti Kútọnu sí Malanville kò tó bẹ́ẹ̀. Ìrìn náà tó eré Indianapolis tí René Thomas fi wákàtí mẹ́fà sá nínú ọkọ̀ rẹ̀. Arúgbó náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà á, pẹ̀lú ojú kan, lórí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lè gbà kọjá lára rẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1947, nínú àìní. Ẹni ọdún 73 ni.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1949, wọ́n sá eré wákàtí 24 ní Le Mans, èyí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ogun. Ferrari ni ó gba ipò kìíní, ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ Ítálì náà borí níbẹ̀. Ọkọ̀ tí ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn jẹ́ Delage. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Delahaye fúnra rẹ̀ kò lè dá dúró mọ́; ní ọdún 1954, Hotchkiss gbà á, iṣẹ́ Delage sì ti dópin.

Àwọn tí ó ṣẹ́kù wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ń wá ọkọ̀ ìgbàanì kiri, tí wọ́n ń tún wọn ṣe, tí wọ́n sì ń gbé wọn jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ìran wíwò. Èrò á pé lé ọkọ̀ náà lórí, wọ́n á tẹ̀ síwájú láti ka ohun tí a kọ sí i níwájú. Delage ni wọ́n ń kà, láìsí àmì lórí "a".